Ìdámẹ́rin

Lẹ́tà káńsù kì í kan ilẹ̀kùn.
Ojú ihò ló ń gbà já bọ́,
a sì dùbúlẹ̀ gbalaja sórí ẹní ìnusẹ̀
bí ẹni pé òun ló nilé.

Oṣù Ẹrẹ́nà ni. Òjò Rọ́ṣídéèlì, èyí tí kì í mọ ìgbà tó yẹ kó dá,
ń wẹ òrùlé àdúgbò wa.
Mo fi ọ̀bẹ bọ́tà la àpò ìwé náà.
Orúkọ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: Mísísì Ògúntuàṣe.
Ọdún mọ́kàndínlógún ni a fi jẹ́ méjì lórí lẹ́tà yìí,
èmi àti Gbòdé,
òun níwájú, èmi lẹ́yìn,
bí ìgbà tí mo bá wọ bọ́ọ̀sì tó ń wà.

Lábẹ́ orúkọ mi, wọ́n kọ ọ́:
ẹ̀dínwó ẹni tó ń dá gbé, ìdámẹ́rin.
Pọ́n-ùn mọ́kànlélọ́gbọ̀n lóṣù.

Mo dúpẹ́ o. Èmi kọ́ ni yóò sọ pé owó kéré.
Ṣùgbọ́n mo jókòó ti ìṣirò náà títí tíì mi fi tutù.
Ìdámẹ́rin wo ni Gbòdé nínú ilé yìí?
Ṣé ikọ́ rẹ̀ ni, ní aago mẹ́rin ìdájí,
kó tó lọ gbé bọ́ọ̀sì jáde ní gáréèjì?
Ṣé bàtà rẹ̀ ni, tó kọjú sí ògiri lẹ́yìn ilẹ̀kùn,
tí n kò tíì lè kó?
Tàbí apá òsì bẹ́ẹ̀dì,
tí mo fi ọwọ́ wọ̀n lóru,
tó jẹ́ ìdajì gan-an?

Bàbá mi sá fún owó orí.
Ọjọ́ mẹ́fà ló sùn sínú oko kòkó
nígbà tí àwọn akódà ń ka orí ọkùnrin ní abà wa.
Ó ní owó orí kò mọ ẹni tí orí ń fọ́.
Èmi ọmọ rẹ̀ wá dé ibi tí ilé pàápàá ti ní orí,
tí orí ilé ń sanwó,
tó jẹ́ ikú ló bá mi ná an wálẹ̀.

Nígbà tó di Oṣù Ọ̀wẹwẹ̀, Ìṣọ̀lá ọmọ àbúrò mi dé,
yunifásítì Máńṣẹ́sítà ló gbà á.
Ọmọ gíga. Odidi búrẹ́dì kan lójúmọ́,
tó bá sì ń hanrun, ògiri a máa dáhùn.
Ẹ̀rù bà mí. Kò sí olè nínú ìran wa.
Mo gbé lẹ́tà mi, mo lọ bá wọn nídìí tábìlì káńsù.

Nasirín lorúkọ ọmọbìnrin tó jókòó síbẹ̀,
ìborùn rẹ̀ aláwọ̀ ewé.
Mo ní, "Ọmọ mi, a ti di méjì. Ẹ gba owó yín."
"Ṣé akẹ́kọ̀ọ́ ni?"
"Akẹ́kọ̀ọ́ ni, láti òwúrọ̀ dalẹ́."
Ó tẹ nǹkan díẹ̀. Ó gbójú sókè.
"A kì í ka akẹ́kọ̀ọ́, màmá. Kó ṣáà mú ìwé ẹ̀rí wá.
Lójú tiwa, ẹ ṣì ń dá gbé."

Ẹ̀rín pa mí débi pé ọkùnrin tó tò sẹ́yìn mi wo aago.
A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ:
ìyá ìyá mi ló máa ń wí bẹ́ẹ̀,
tó bá rí ẹni tó ń nàka sí wa lọ́kọ̀ọ̀kan.
Kò mọ̀ pé wọ́n ti kọ ọ́ sínú òfin níbì kan.

Mo délé. Ẹni tí wọn kò kà
ti fọ abọ́, ó ti tan iná pálọ̀,
ó wọ bàtà ẹni tí wọ́n ti yọ orúkọ rẹ̀.
Ó tóbi jù ú lọ díẹ̀.
N kò wí nǹkan kan.
Mo bu omi sínú kẹ́tùlù,
omi ẹni mẹ́ta.